Kámẹ́rà Lóṣòó Ti Oore

Sátidé tó kọjá ni wọ́n pè mí kí n wá gbàdúrà níbi ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún sístà kan nínú ìjọ wa. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ló ní òun ti fẹ́ ṣe é. Inú mi dùn gidi, mo tilẹ̀ yìn ín lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá. Aago méjìlá ku díẹ̀ ni onífọ́tò tó dé, a ò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i.

Ìrẹsì wà nínú kúlà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Àwọn ọmọ tò sínú oòrùn, ojú wọn kò kúrò lára kúlà náà. Páálí indomí mẹ́rin wà nílẹ̀, wọ́n ti lẹ àwòrán ọlọ́jọ́ ìbí mọ́ ọn. Ọmọ kan á bọ́ síwájú, á gbé páálí, wọn á ní kó rẹ́rìn-ín, wọn á yà á, wọn á gba páálí náà padà fún ẹni tó kàn. Mo jókòó, mo ń kà á. Páálí kan ṣoṣo ni ọmọ mọ́kànlá gbé. Ọmọkùnrin kékeré kan, bóyá ló tó ọmọ ọdún márùn-ún, kò mọ̀ pé fọ́tò lásán ni. Ó gbá páálí náà mọ́yà, ó ń gbé e lọ sí yàrá wọn. Onífọ́tò pariwo pé kó dá a padà. Ó sì dá a padà.

Wọ́n ní kí n wá gbàdúrà. Mo gbà á, àmọ́ bí ẹ bá bi mí lónìí, n ò mọ ohun tí mo sọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ọjà tí a fẹ́ tà là ń lóṣòó tì. Láyé àtijọ́, ìwọ̀nba ni ènìyàn lè lóṣòó mọ, torí orúnkún á ro ó, á dìde. Fóònù ló ń báni lóṣòó báyìí, òun ò sì ní orúnkún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ojú àwọn ọmọ mọ́kànlá náà ti wà lórí Facebook, orúkọ Jésù wà lókè, àwòrán kéèkì wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ké lójoojúmọ́ pé “Olúwa, bo àṣírí wa,” ta ló ní kí ẹ tú ti ọmọ ọlọ́mọ? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 pàápàá ní ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀. Ká tilẹ̀ fi òfin ìjọba sílẹ̀. Ohun tí Olúwa sọ nípa ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì nínú Mátíù orí kẹfà, ṣé àwọn onífọ́tò nìkan ni kò kàn ni?

Mo sọ èyí fún sístà wa lẹ́yìn ìsìn, ní kọ̀rọ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn míṣọ́nnárì tó mú ìhìnrere wá, ṣé wọn ò ya fọ́tò ni?”

Ó mú mi. Wọ́n yà á, wọ́n sì kọ lẹ́tà sílé kún un. George Müller pàápàá, ará Jámánì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Bristol láti 1836, ẹni tí a ń fi ṣe àpẹẹrẹ pé kò bẹ ẹnikẹ́ni lówó bí kò ṣe Ọlọ́run, ọdọọdún ló ń tẹ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Àmọ́ nígbà tó fi kú ní 1898, ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lé ní 10,000. Wọ́n jẹun, wọ́n sùn, wọ́n kọ́ ìwé, wọ́n kọ́ iṣẹ́. Kò gba páálí lọ́wọ́ wọn.

Kí n má tilẹ̀ lọ jìnnà. Nílẹ̀ wa níbí ńkọ́? Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ní òun ò ní gba Adélù, Àrẹ̀mọ Àtìbà, lọ́ba, torí àṣà ni pé Àrẹ̀mọ a máa bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè ní 1860, ó di March 1862 kí ìlú tó tú. Láàárín ọdún méjì yẹn, ebi wọ Ìjàyè débi pé òbí ń fi ọmọ sọfà, àwọn mìíràn ń tà á pátápátá, kí ẹnu lè rí nǹkan jẹ. Ọmọ tí ogun pa baba rẹ̀, tí ebi pa ìyá rẹ̀, ń rìn kiri ìgboro. Àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi méjì, Phillips àti Stone, wà nínú ìlú náà. Wọ́n lè lọ. Wọn kì í ṣe ọmọ Ìjàyè, Kúrunmí kì í ṣe bàbá wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń kó àwọn ọmọ náà jọ, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò jẹ. Ibi tó wá le sí ni pé ní 1861, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ìhà gúúsù gan-an tí ìjọ tó rán wọn wà, ọ̀nà òkun dí, owó kò wá mọ́. Ogun níwájú, ogun nílé baba wọn. Nígbà tí kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́, Abẹ́òkúta ni wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ. Wọn ò já wọn sílẹ̀.

Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí. Òwe yìí gan-an ló yẹ kí n ti fi bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ti ń kéré lójú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ní Ìbàdàn tó ń gbógun náà ńkọ́? Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó, Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀, ti wà ní Kúdẹtì láti 1853, wọ́n ní ọmọ púpọ̀ nínú ilé, ọmọ tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀nà Èkó dí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí kò bá sí lọ́jà Ìbàdàn, wọn ò lè rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà síta lójúmọ́ láti fi ra ẹ̀wà díẹ̀, epo díẹ̀ ni wọ́n ń fi í jẹ, wọ́n tún ń ṣọ́ ọn jẹ kó má baà tán lójijì. Àìsàn ń ṣe obìnrin náà léraléra. Kò sí ẹni tó máa bú u bó bá ní kí àwọn ọmọ padà sílé wọn. Àwọn ọmọ náà ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

N ò sọ pé áńgẹ́lì ni wọ́n o. Ọ̀pọ̀ wọn ka àṣà wa sí òkùnkùn biribiri, wọ́n sì fi orúkọ tiwọn pààrọ̀ tàbí bo orúkọ ọmọ. Ẹ wo Moses Ládèjọ Stone, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó dàgbà lọ́wọ́ Stone yìí, orúkọ òyìnbó tó tọ́ ọ ló jẹ́ dọjọ́ ikú. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ di ìjà ní ìjọ Onítẹ̀bọmi Èkó ní 1888, òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e jáde kúrò lábẹ́ òyìnbó, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ọmọ tí a tọ́ kì í ṣe ẹrú ọpẹ́.

Ẹni tó bá sì rò pé ìfẹ́ ọmọ aláìlóbìí kò lè ṣini lọ́nà, kó rántí Haiti. Ilẹ̀ mì níbẹ̀ ní ọjọ́ 12 January 2010. Kí oṣù náà tó parí, ọlọ́pàá mú ará Amẹ́ríkà mẹ́wàá, onígbàgbọ́ ni wọ́n, lẹ́nu ààlà ilẹ̀ Dominican Republic pẹ̀lú ọmọ 33 tí kò ní ìwé. Ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní òbí láyé. Àìní ló mú kí òbí wọn gbà, wọ́n rò pé ọmọ yóò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Ẹ má rò pé Haiti nìkan ni. Ní ilé tí a lọ ní Sátidé yẹn, ìyá tó ń tọ́jú wọn sọ fún mi wẹ́lẹ́ pé mẹ́rin nínú àwọn ọmọ òun ló ní ìyá. Ọ̀kan ń ta ata lójú títì, kò jìnnà sí ibẹ̀. Láti ìgbà tí epo mọ́tò ti di ọ̀wọ́n tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì sì ti kọjá agbára rẹ̀, kò lè bọ́ ọmọ mọ́. Owó onífọ́tò ọjọ́ yẹn nìkan, ká má tíì sọ ti dórónì tó ń fò lórí wa bí àwòdì, tó obìnrin yẹn láti padà sọ́jà. Ọmọ rẹ̀ ìbá padà sílé. Àwa wá gbé kéèkì fún un.

Ìjọ wa ra ankara fún àjọ̀dún lọ́dún yìí, a tún ra agbóhùnsókè tuntun, èyí tí à ń lò kò tíì bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ wo la gbé kalẹ̀ fún ọmọ aláìlóbìí? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù December, a kó bọ́ọ̀sì lọ, a fi aṣọ àlòkù tí bọ́tìnnì ti já kún àpò, a kọrin, a yà, a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà là ń pe ara wa ní oníṣẹ́ míṣọ́nnárì. Ẹ tijú díẹ̀! Ní January, nígbà tí kò sí ẹni tó ń bọ̀, tí gáàrì tán nínú ike, ta ló ń yẹ̀ wọ́n wò?

Mo bi ìyá náà ohun tí ó ń fẹ́. Kò dárúkọ indomí. Ó ní ọmọ méjì ń lọ ṣe WAEC, owó rẹ̀ kò tíì pé. Ó ní obìnrin tó ń sùn ní yàrá àwọn ọmọ kéékèèké lóru, tó ń jí fún èyí tó ń ké, kò tíì gba owó oṣù mẹ́ta.

Mo lọ bá sístà wa lọ́jọ́ Wẹ́dìnẹ́sì. Mo ní kó bá wa san owó oṣù obìnrin náà fún ọdún kan, pé mo ti ṣírò rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ná sí ọjọ́ ìbí. Ó ronú sí i dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kò burú, òun lè ṣe é. Ó wá bi mí bóyá obìnrin náà á gbà kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń gbé ọmọ lóru.