Èsì wa sí oníbàárà tó ní gílóòbù halogen wa kò mọ́lẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. A dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí lára yín gan-an, a sì ti rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún wa. Nítorí àwọn tí yóò kà á lẹ́yìn yín, ohun tí ẹ sọ nìyí ní ṣókí: ẹ ra gílóòbù halogen méjì lọ́wọ́ wa, fólítì 6, wáàtì 60/55 (60 fún fùlù, iná tó ń wo ọ̀nà jíjìn; 55 fún dípù, iná tó ń wo ìsàlẹ̀), fún Volkswagen ìjàpá 1964 yín. Rìwáyà yín yọ 45/40 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ki tuntun bọ̀ ọ́. Ẹ ní kò mọ́lẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Bí ẹ bá dúró, tí ẹ́ńjìnì wà ní sílóò, iná náà á pọ́n bí ojú àparò. Súìṣì ara dáṣíbọ́ọ̀dù tún ń gbóná mọ́ yín lọ́wọ́. Rìwáyà fi mítà wọn bátìrì, ó bá fólítì 6.3, ló bá ní bátìrì kò ṣe nǹkan kan, ayédèrú gílóòbù ni wọ́n tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ súìṣì ni kí a kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gílóòbù wa, kí ẹ dá 45/40 yín padà síbẹ̀ kí ẹ tó tún gbé mọ́tò náà jáde lálẹ́. Ní dípù, wáàtì 40 lórí fólítì 6 ń fa nǹkan bí áńpì 6.7; méjèèjì jẹ́ 13 àti díẹ̀. Wáàtì 55 ń fa áńpì 9 ó lé. Méjèèjì jẹ́ 18. Inú súìṣì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ooru ibi tí irin ti ń kan irin nínú súìṣì máa ń sáré ju áńpì lọ: láti 13 sí 18, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Súìṣì tó ti lé ní ọdún 60 kò lè fara da ìyẹn pẹ́. Ẹ ṣí àpótí fíúùsì wò pẹ̀lú. Funfun jẹ́ áńpì 8, pupa jẹ́ áńpì 16. Bó bá jẹ́ funfun ló wà lójú ọ̀nà dípù, gílóòbù wa ti ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúùsì náà kó má baà jó mọ́, ẹ ní kó yọ ọ́ lónìí. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ sójú ewé ọjà náà pé kí wọ́n má ṣe lò ó láìsí rílè, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré ń pàṣẹ fún kó tó jẹ́ kí iná ńlá kọjá.

Ṣé ayédèrú ni? Ẹ lè mọ̀ láìná owó. Ẹ yọ gílóòbù kan, ẹ fi wáyà méjì tó nípọn tó sì kúrú so ó mọ́ orí bátìrì tó ti gba iná kún, kó tàn níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan gíláàsì rẹ̀, torí òróró ara ọwọ́ máa ń bà á jẹ́, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn. Bó bá pọ́n níbẹ̀ náà, tiwa ni, ẹ má bá wa jà, ẹ dá a padà. Bó bá funfun gbòò, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni iná ń ṣòfò sí.

Ibi tí rìwáyà yín ki mítà bọ̀ ni mo fẹ́ bá a jiyàn lé. Fólítì 6.3 lórí bátìrì nígbà tí iná wà ní pípa kò sọ nǹkan kan fún wa ju pé bátìrì kún lọ. Kó tan dípù, kó fi ẹnu pupa mítà sí orí bátìrì tó jẹ́ pọ́sítíìfù, kó fi ẹnu dúdú kan irin tó ń gbé dípù wọ ẹ̀yìn gílóòbù, kí gílóòbù wà níbẹ̀ kó máa jó. (Bó bá yọ gílóòbù kó tó wọ̀n ọ́n, áńpì kankan ò ní máa kọjá, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó dára.) Iye tó bá rí lójú mítà ni ohun tí wáyà, súìṣì, súìṣì dípù tí ẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ àti fíúùsì jọ ń jẹ. Kó tún ṣe é fún áàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà: ẹnu kan lára irin áàtì gílóòbù, ìkejì lórí nẹ́gátíìfù bátìrì. Bí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò bá ju 0.2 tàbí 0.3 lọ, ẹ yin ẹni tó tún mọ́tò náà ṣe. Bó bá ti lé ní 0.5, ẹ ti rí olè.

Ìdí tí a fi ń rojọ́ lórí ìdá fólítì kan nìyí. Ká sọ pé ìdínà tó wà lójú ọ̀nà náà, àlọ àti àbọ̀, kò ju 0.05 ohm lọ. Bí áńpì 18 bá gba ibẹ̀, fólítì 0.9 ti ṣòfò. Nínú fólítì 6, ìdá 15 nínú 100 nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù sì máa ń já wálẹ̀ ju fólítì lọ: bí fólítì bá dín ní 15 nínú 100, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ á tó 40 nínú 100. Mọ́tò fólítì 12 tó ní gílóòbù wáàtì kan náà á fa ìdajì áńpì yẹn, fólítì 0.45 péré ni ọ̀nà kan náà á jẹ nínú 12, awakọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ ní mọ̀. Èyí ni ìyà tó ń jẹ àwa onífólítì 6. Ọ̀pọ̀ ìjàpá sì wà lórí rẹ̀ títí di mọ́dẹ́ẹ̀lì 1967. Ní tiyín, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà, iwájú pátápátá ni iná wà. Gílóòbù tó ń fa áńpì jù ti tẹ́lẹ̀ lọ ń sọ fólítì púpọ̀ sí i nù lójú ọ̀nà yẹn, èrè tí ẹ sanwó fún sì bá a lọ.

Ní ti sílóò, a ò ní purọ́ fún yín. Dáínámò kì í mú nǹkan gidi wá bí ẹ́ńjìnì bá ń rọra yí; bátìrì nìkan ló ń gbé ẹrù, fólítì á sì wálẹ̀. Bí ẹ bá ti sáré díẹ̀, régúlétọ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣètò iná dáínámò, á gbé e tó fólítì 7. Rílè á dín pípọ́n yẹn kù, kò ní pa á rẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé fùlù láìtì wa ń fa áńpì 20, dáínámò irú mọ́tò yín kì í sì í ju nǹkan bí áńpì 30 lọ, kọ́ìlì àti iná ẹ̀yìn náà sì fẹ́ jẹ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe kò le. Kó fa wáyà tuntun láti bátìrì wá síwájú, èyí tó nípọn tó 6 mm² ni kó lò, kó má lo 1.5. Wáyà 1.5 tó gùn ní mítà 3 lásán á jẹ fólítì 0.6 lórí áńpì 18. 6 mm² kò ní jẹ ju 0.15 lọ. Kó fi fíúùsì sí ìdí bátìrì gan-an. Rílè méjì, ọ̀kan fún dípù, ọ̀kan fún fùlù, kó jẹ́ ti fólítì 6. Ti fólítì 12 tó wà káàkiri kò ní fà rárá. Wáyà àtijọ́ á wá di èyí tó ń pàṣẹ fún rílè nìkan, súìṣì yín á tutù. Lẹ́yìn náà kó fa áàtì tirẹ̀ láti ẹ̀yìn iná kọ̀ọ̀kan lọ sí ara bọ́dì, kó fi sanpépà ha ọ̀dà àti ìpẹtà ibẹ̀ títí irin fi dán, kó tó fún síkúrù. Mo ti rí ibi tí áàtì nìkan ti yanjú gbogbo ọ̀rọ̀, tí 45/40 àtijọ́ wá mọ́lẹ̀ tó láti lò.

Ẹ bi wá bóyá kí ẹ kúkú lọ sí LED. A ń tà á, a lè tà á fún yín báyìí kí a gbowó. Kì í fa áńpì púpọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí fílámẹ́ńtì (wáyà tín-ín-rín tó ń jó nínú gílóòbù) wà gan-an ni wọ́n fi ṣe ìṣirò àwo dídán inú iná yẹn. Bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́kánkán ló ń lọ, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò sì fàyè gbà á nínú iná tí wọ́n ṣe fún fílámẹ́ńtì. Ní ti yíyí gbogbo mọ́tò sí fólítì 12, ẹ fi í sílẹ̀ ná: gílóòbù gbogbo, kọ́ìlì, wáípà, họ́ọ̀nù, dáínámò, owó ńlá ni nítorí iná méjì. Kí ẹ tó ná an, ẹ wo àwo dídán náà. Bó bá ti ṣú tàbí tó ti dúdú lápá kan, kò sí gílóòbù tó lè ràn án lọ́wọ́.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ rílè yìí, ẹ dá gílóòbù méjèèjì padà, a ó dá owó yín padà ní pípé, bí rìwáyà tilẹ̀ ti lò wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ iye tí mítà bá sọ sábẹ́ èsì yìí, ti àlọ lọ́tọ̀, ti áàtì lọ́tọ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ó gé wáyà kankan.