Ta ló ní ópẹ́rà kì í ṣe tiwa?

Ẹ sọ ọ́ l'Adó-Èkìtì pé ẹ fẹ́ lọ wo ópẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin sọ ìtàn rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé: "Àwọn òyìnbó olówó tó ń lọgun lédè tẹ́nìkan ò gbọ́ yẹn?" Irọ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí èdè bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1964, Dúró Ládiípọ̀ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Òṣogbo lọ sí Berlin ní Jámánì, wọ́n lọ ṣe eré olórin rẹ̀, Ọba Kò So. Yorùbá ni wọ́n fi kọrin, Yorùbá ni wọ́n fi pe oríkì Ṣàngó, bàtá sì ń fọhùn lẹ́yìn wọn. Mélòó ló gbọ́ Yorùbá nínú àwọn ará Jámánì tó wá wòran? Síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n gbádùn ẹ̀, nígbà tó sì di 1965, Ládiípọ̀ tún gbé eré náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òyìnbó pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbọ́ èdè Ítálì tí wọ́n fi ń kọrin fún wọn. Láti 1983 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Toronto ni ilé ópẹ́rà púpọ̀ ti ń gbé ìtumọ̀ orin sókè pèpéle káwọn èèyàn lè kà á.

Ti owó ńkọ́? Lóòótọ́, ààfin àwọn ìjòyè Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ní nǹkan bí 1600. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1637 ni wọ́n ṣí ilé ópẹ́rà kan ní Venice tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lè wọ̀. Ní La Scala, ilé ópẹ́rà ìlú Milan ní Ítálì, òkè pátápátá ni ìjókòó olówó pọ́ọ́kú wà, àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ gan-an làwọn olórin sì ń bẹ̀rù jù. Ní oṣù Kejìlá 2006, wọ́n hó lé olórin ópẹ́rà kan, Roberto Alagna, lórí níbẹ̀, ló bá bínú fi pèpéle sílẹ̀. Ẹni tó gba ipò ẹ̀ ò ráyè pààrọ̀ aṣọ, èyí tó wà lọ́rùn ẹ̀ náà ló fi jáde wá kọrin!

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "ti òyìnbó" yẹn. Ṣé ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì kọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni? Lọ́dún 1963, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sọ ìtàn ọ̀mùtí tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó kú di eré olórin. Ní 1969, ó gbé e dé Algiers. Mi ò ní kí eré Ògúnmọ́lá àti ti Verdi, ará Ítálì tó kọ ópẹ́rà, jẹ́ ọ̀kan náà o: tiwa ń da ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ mọ́ orin, ti Verdi, orin ni látòkèdélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí alámọ̀ ti wọ̀ létí, tó mọ bí ìyá àgbà ṣe ń fi ọ̀fun lásán gbalẹ̀ gbalé, kò yẹ kó ya irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu pé olórin ópẹ́rà kì í lo máíìkì.

Àwa tá à ń náwó fún olórin lóde ìnáwó títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ló wá wọ́n lójú wa? Bí ẹgbẹ́ kan bá gbé irú eré báyìí wá, ẹ ka ìtàn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ tètè dé, ẹ sì pa fóònù yín.