Ẹ Dá Ọmọ Náà Lóhùn, Kó Tiẹ̀ Jẹ́ "Rárá"

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tẹ́ ẹ ni ilé-iṣẹ́ lọ́yà ńláńlá l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bí ọmọ bá kọ̀wé sí yín pé òun fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, tẹ́ ò sì ní gbà á, ẹ sọ fún un. Ẹjọ́ tí mo gbé wá nìyẹn.

Ọ́fíìsì tèmi ò tóbi, kò sì jìnnà sí kóòtù Ìsàbọ̀ níbí l'Abẹ́òkúta. Bí yunifásítì bá ti gba họlidé báyìí, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: àwọn kan láti Àgọ́-Ìwòyè, àwọn kan láti Crescent tó wà nílé wa níbí, àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá tó ń kàwé n'Íbàdàn. Wọn kì í wá tọrọ àyè lọ́wọ́ mi o. Wọ́n fẹ́ kí Àǹtí Lọ́yà bá wọn yẹ lẹ́tà wò, lẹ́tà tó ń lọ sí Victoria Island àti Ìkòyí. Mi ò rí i bí àrífín. Bí èmi náà bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún lónìí, ibi tí wọ́n ti ń kọ ìwé àdéhùn epo rọ̀bì ni màá máa wò, kì í ṣe ọ́fíìsì tó jẹ́ pé ẹjọ́ ilẹ̀ Ọbáńtokò láàárọ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ Ọbáńtokò lálẹ́.

Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn ná. CV, lẹ́tà, èsì ìdánwò láti ọdún kìíní. Ẹlòmíràn á ní kí ọmọ kọ àròkọ lórí òfin owó-orí, ẹlòmíràn á ní kó gba ohùn àti àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fídíò. Ọmọ á ra dátà, á dúró de iná ìjọba, á wọ kóòtù dúdú lókè, á wọ ṣòkòtò penpe nísàlẹ̀ torí kámẹ́rà ò ní débẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ báyìí, kíá, íméèlì dé: "A ti rí ìwé rẹ gbà." Ohùn tó máa gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn wà tí mo mọ̀ dáadáa, n'Ítòkú ni ìyá rẹ̀ ti ń ta àdìrẹ. Ọmọ náà ti yan ohùn ọ̀tọ̀ fún íméèlì lórí fóònù rẹ̀, ó ń dún bí agogo kékeré. Mo wà ní ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ kan tí agogo yẹn dún. Aṣọ tí ìyá ń ká fún oníbàárà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé àwọn ni? Kà á síta!" Báǹkì ni. Wọ́n ní kó wá yá owó. Oníbàárà náà pàápàá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, wọ́n á pè é." Gbogbo ìlà ìsọ̀ yẹn ló mọ̀ pé ọmọ Ìyá Aláàdìrẹ ń retí èsì. Ìlú tó bí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà, tó tún bí Bọ́lá Ajíbọ́lá tó jókòó ní ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague láti 1991 dé 1994, ọmọ tó bá lóun ń kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀ ti di ọmọ gbogbo àdúgbò. Ó ń dáhùn ìbéèrè lójoojúmọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan ò dá òun fúnra rẹ̀ lóhùn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àwa lọ́yà ló ń ṣe èyí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 294, ní bí a bá ti gbọ́ ẹ̀rí tán, tí lọ́yà méjèèjì ti sọ ọ̀rọ̀ àsọkágbá, adájọ́ kò gbọdọ̀ kọjá 90 ọjọ́ kó tó dájọ́. Ẹjọ́ tí fáìlì rẹ̀ kún àpótí lè wà níbẹ̀ o. Bí adájọ́ bá sì kọjá ọjọ́, ta ló máa ń kùn jù? Àwa náà ni. Ẹni tó ń ka ọjọ́ lé adájọ́ lórí ló wá jókòó lé CV olójú ewé méjì láti Ọdún Àjíǹde títí Kérésìmesì fi dé. Àwọn àgùnbánirọ̀ gan-an sàn ju àwọn ọmọ tó ń kọ̀wé sí yín yìí lọ. Bí ìjọba bá pín wọn sí ọ́fíìsì kan, tí ọ̀gá ibẹ̀ ò fẹ́, ó máa kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ò fẹ́, ọmọ á gbé ìwé yẹn padà, wọ́n á tún un pín. Ìjọba tí a máa ń bú náà nìyẹn.

Ẹ máa ní ìwé tó ń wọlé pọ̀ jù. Mo gbà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó kọ "a ti rí i gbà" sí gbogbo wọn lè kọ "a ò rí àyè" sí gbogbo wọn. Àwọn mìíràn á kọ ọ́ sínú ìkéde pé ẹni táwọn bá mú nìkan làwọn máa pè. Ìyẹn dáa díẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pè é ńkọ́? Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ọmọ mọ̀ pé bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ó ti tán, kó wá ibòmíràn lọ.

Torí ibòmíràn wà, họlidé ló ń lọ. Mo ti fún ọmọ láyè rí kó wá bá wa jókòó, kó mọ bí wọ́n ṣe ń búra sí ìwé ẹ̀rí, kó bá akọ̀wé wa lọ fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ti Èkó." Ìgbà tó fi padà wá, yunifásítì ti ní kí wọ́n wọlé.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ wọn ń wò, training contract, ìyẹn àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́dún méjì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ́yà, nìkan kọ́ ni ọ̀nà àtidi lọ́yà mọ́. Láti 2021 tí SQE, ìdánwò tí wọ́n fi ń di lọ́yà níbẹ̀, ti dé, ọmọ lè kó iṣẹ́ ọdún méjì náà jọ ní ibi tó tó mẹ́rin, ọ́fíìsì kékeré náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ò ní kí dídúró má dunni, àmọ́ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń dúró.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá sọ́dọ̀ wa kí Èkó tó fèsì. Bí wọ́n bá pè yín lọ́jọ́ kẹta tẹ́ ẹ dé, ẹ gba Làdèrìn lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, mi ò ní bínú. Ẹ ṣáà sọ fún mi kẹ́ ẹ tó lọ, torí bẹ́ ẹ bá lọ láìsọ, a jẹ́ pé ẹ ti mọ iṣẹ́ wọn kẹ́ ẹ tó débẹ̀.