Ẹgbẹ́ Ìkọ̀kọ̀ Kọ́ Ló Ń Yan Ààrẹ fún Amẹ́ríkà

Bí ìdìbò Amẹ́ríkà bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp: àwọn awo kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń mú ẹni tí yóò ṣe ààrẹ, eré lásán sì ni ìbò tí aráàlú ń dì. Nínú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n máa ń dárúkọ, ọ̀kan wà tó yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa, Council for National Policy, tí wọ́n ń pè ní CNP.

Ẹgbẹ́ náà wà lóòótọ́, ó sì fẹ́ràn àṣírí. Ọdún 1981, tí Reagan ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àlééfà, ni Pásítọ̀ Tim LaHaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ oyún ṣíṣẹ́, tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba dín owó orí kù, ni wọ́n kóra jọ síbẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá pè kì í wọlé. Ní 2004, ìwé ìròyìn New York Times tú òfin wọn síta: àwọn oníròyìn kò gbọdọ̀ mọ ìgbà tí ìpàdé wà, ibi tí ó wà, tàbí ẹni tó wá, yálà kí ìpàdé tó wáyé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní kí ọmọ ẹgbẹ́ má kọ orúkọ ẹgbẹ́ sínú ímeèlì. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí ara kò ní fu?

Ṣùgbọ́n pé a kò mọ àwọn tó wà níbẹ̀, irọ́ ni. Ní May 2016, Southern Poverty Law Center, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, gbé ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ti ọdún 2014 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Steve Bannon àti Kellyanne Conway wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì tó wá darí ìpolongo Trump lọ́dún náà. Òmíràn tún jò lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí pé ìjọba kì í gba owó orí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, òfin ní kó máa fi ìwé ìnáwó rẹ̀ hàn lọ́dọọdún, orúkọ àwọn olórí rẹ̀ sì wà nínú ìwé náà. Ẹni tó bá ní dátà lè kà á. Ní August 2020, Trump fúnra rẹ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Arlington, ní Virginia, White House sì tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde fún gbogbo ayé. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí Biden fi na Trump nínú ìbò. Ṣé àwọn tó ń yan ààrẹ náà sùn ni?

Ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ gan-an ni ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. George W. Bush bá wọn sọ̀rọ̀ ní San Antonio ní 1999, nígbà tó ń wá ipò ààrẹ. Àwọn èèyàn béèrè téèpù ọ̀rọ̀ náà, wọn kò fún wọn. Èyí burú lójú tèmi. Ẹni tó bá ń wá ìbò wa, kò yẹ kó ní ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ gbọ́.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń “yan” ààrẹ. Ní September 2007, CNP ń pàdé ní Salt Lake City. James Dobson, Tony Perkins àti àwọn aṣáájú Kristẹni mìíràn yà sọ́tọ̀ láti jíròrò lórí Rudy Giuliani, tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ, tí kò sì lòdì sí oyún ṣíṣẹ́. Wọ́n pinnu pé bí ẹgbẹ́ Republican bá fà á kalẹ̀, àwọn lè wá ẹlòmíràn níta ẹgbẹ́. Ta ni ẹlòmíràn ọ̀hún? Ẹnu wọn kò kò. Giuliani já bọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bá a jà, ó sì wá ku John McCain, ẹni tí Dobson ti búra pé òun kò ní dìbò fún láéláé. McCain náà ló gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ní 2016, Ted Cruz, tó ń bá Trump du tíkẹ́ẹ̀tì, ni Dobson àti Perkins tì lẹ́yìn. Trump ló wọlé.

Agbára wà lọ́wọ́ wọn o, àmọ́ agbára alárinà ni. Ẹni tó ní owó ń pàdé ẹni tó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ, olóṣèlú ń gba nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjì. Lójú ará ìlú, ìyẹn tó ohun tó yẹ ká máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe tó tóbi jù, ojútáyé ni wọ́n ti ṣe é. Ní May 2016, Trump tẹ orúkọ adájọ́ 11 jáde, ó ní irú wọn ni òun yóò yàn sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Federalist Society, ẹgbẹ́ àwọn amòfin tí èrò wọn jọ ti CNP, àti Heritage Foundation, ilé ìwádìí òṣèlú tí èrò tiẹ̀ náà jọ ọ́, ló bá a ṣà wọ́n, kò sì fi í pamọ́. Ó ń fi orúkọ kún ìwé náà, inú àwọn tó fi kún un ni adájọ́ mẹ́ta tó yàn ti wá. Ní June 2022, àwọn mẹ́ta náà wà lára àwọn tó fagi lé ìdájọ́ ọdún 1973 tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ àtiṣẹ́ oyún jákèjádò Amẹ́ríkà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìwé náà ti wà níta kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà á.