Àsèsílẹ̀

Nílé wa báyìí, èèyàn kò lè déédéé sọ pé ebi ń pa òun mọ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí a wà. Bó bá jẹ́ Ajé, ìrẹsì ni ebi mi gbọ́dọ̀ máa fẹ́. Bí ebi ẹ̀bà bá ṣèèṣì yà wọlé lọ́jọ́ náà, kó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Orí fóònù ni ìyàwó mi ti kó àṣà yìí wálé. Àwọn obìnrin kan (ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́) máa ń to ike onídèérí sórí tábìlì bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà, wọ́n á wá ya fídíò rẹ̀: ẹ̀fọ́ rírò lọ́tùn-ún, ẹ̀gúsí lósì, ẹran tí wọ́n gé bíi pé rúlà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Meal prep ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní àsèsílẹ̀. Ó ti wá di ohun tí wọ́n fi ń mọ ọmọlúwàbí: ẹni tí kò bá ní ogún ike ọbẹ̀ nínú fírísà, a jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò tíì là. Àwọn tí kò ráyè sè é pàápàá kò gbẹ́yìn, wọ́n ń ra ọbẹ̀ ní lítà. Lítà! Ẹ̀gúsí di epo bẹntiróòlù. Ó kù kí wọ́n gbé mítà síwájú ìkòkò.

Mi ò bá ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ní Ìkòròdú tàbí Mówé jà, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò ní tú sílẹ̀ di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó se ọbẹ̀ ọdún kan sílẹ̀, ó tọ́ sí i. Àwa ńkọ́? Ìbàdàn là ń gbé. Ọ́fíìsì ìyàwó mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ilé lèmi ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a lọ Bódìjà. Tòmátì, tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà tí a rà, onímọ́tò bi mí bóyá ìsọmọlórúkọ la fẹ́ ṣe. Èmi ni mo gbé ata lọ sí ẹ̀rọ, mo dúró títí ata fi ta sí mi lójú. Lọ́jọ́ Àìkú, tí ayé ń sinmi, ojú iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń jó láti aago méje àárọ̀. Ilé gbóná bí ilé alágbẹ̀dẹ. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, ogún ike ti dúró: èèyàn mẹ́rin, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ìyàwó mi lẹ bébà mọ́ ìkọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ni ín. Ó ya fọ́tò wọn. Ó tún un yà nítorí pé òjìji mi bọ́ sí i.

Ebi wá ń pa wá. Mo nawọ́ sí ike kan.

“Dádì, ti Ajé nìyẹn o.”

Indomie la jẹ sùn lọ́jọ́ tí a se ogún abọ́ oúnjẹ.

Kì í ṣe pé a kò se sílẹ̀ rí. Ìkòkò kan ni ìyá mi máa ń sè, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀. Wọ́n á gbé e kaná láàárọ̀, wọ́n á gbé e kaná lálẹ́. Tó bá fi di Ọjọ́rú, ọbẹ̀ náà ti ki, egungun ti rọ̀, ó kù díẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ sísè má pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì. Wọn ò bi ìyá mi. (Inú kan run gbogbo wa lọ́dún kan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Ṣùgbọ́n ìkòkò yẹn kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Bí àlejò bá dé, wọ́n á bu omi sí i.

Lálẹ́ Ajé, wọ́n mú iná lọ. Àdúgbò wa wà lára àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tí wọ́n sì gbé owó iná lọ sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Owó dé lásìkò. Ìyàwó mi kà á pé fírísà tó kún dáadáa lè mú òtútù dání fún bíi wákàtí 48, bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí i, nínú ilé tí ọmọ méjì wà! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń lọ ṣí i wò bóyá ó ṣì tutù. Mo ra bẹntiróòlù lítà mẹ́wàá sí jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀gúsí lítà mẹ́ta.

Yìnyín yọ́ díẹ̀, omi rẹ̀ pa orúkọ rẹ́. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun, mo ro àmàlà (òun kò ṣeé sè sílẹ̀, a dúpẹ́), mo wá gbé ike tí mo mọ̀ sí gbègìrì kaná. Bí iná bá mú gbègìrì, ṣe ló máa ń tú. Eléyìí ń ki. Mo bu omi sí i, ó tún ki. Mo rò ó títí ó fi dúró gbagidi. Ìyàwó mi yọjú.

“Dádì, ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín tí mo lọ̀ sílẹ̀ lẹ ń rò yẹn.”

Ó tún gbogbo orúkọ kọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ wá rú. Bàbá Ìsẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọlé nírọ̀lẹ́ tàwọn ti àpò lọ́wọ́. Mo ní “Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ wá jẹun” bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo rí i tí ìyàwó mi ń fi ìka ṣírò lẹ́yìn. Ike mẹ́rin, èèyàn márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó lè bu omi sí yìnyín. Ó lọ yọ ike kan wá láti ìsàlẹ̀ fírísà. Maikirowéèfù ń yí, jẹnẹrétọ̀ ń kérora. Etí ọbẹ̀ ń hó, àárín rẹ̀ le bí òkúta. Bàbá fi ìka tọ pọ̀nmọ́ kan wò, ó dún kó.

Àbíkẹ́yìn wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, tẹjú mọ́ ara ike. “Bàbá, oúnjẹ Dádì ti Ọjọ́bọ̀ lẹ ń jẹ.”

Bàbá dáwọ́ dúró. “Kí ni bàbá rẹ máa wá jẹ lọ́la?”

Ìyàwó mi sáré ní òun á fún mi ní ti Ẹtì.

“Tó bá wá di Ẹtì ńkọ́?”

Ẹnu wa tì.

Wọ́n jẹ ibi tó ti yọ́, wọ́n fọwọ́, wọ́n wá tú àpò wọn: ẹ̀lùbọ́, gàrí, òrúnlá àti ẹja gbígbẹ. Wọ́n bi ìyàwó mi pé ibo nínú ẹ̀rọ tútù yẹn ni kí àwọn kó wọn sí. Ó ní wọn ò nílò ẹ̀rọ, sà. “Ẹn-ẹ́n,” ni Bàbá wí, wọ́n sì bọ́ fìlà. Wọ́n ní àwọn á sinmi lọ́dọ̀ wa di ọjọ́ Àìkú.

“Àìkú tó ń bọ̀ yìí, sà?”

“Rárá o, èyí tó tẹ̀ lé e.”

Ìyàwó mi dìde, ó lọ wá bírò.