Bí ẹṣin bá dá ni: ọ̀rọ̀ fún sọ́jà tí àìlera dá padà sílé

Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn. Lọ́dún tí bọ́ọ̀dù oníṣègùn ní kí n fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, kò sẹ́ni tí kò pa òwe yìí fún mi. Àǹtí mi pa á, pásítọ̀ pa á. Ọkùnrin tó fẹ́ ta ọ̀kadà àlòkù fún mi náà pa á, ẹnu tirẹ̀ ló sì dùn jù.

Òwe náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, a mọ ẹṣin níbẹ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gẹṣin wọ Ojúde Ọba, mo ti rí i kí ẹṣin gbé ẹni ṣubú lójú mi. Ẹnì kan á kọ́kọ́ gbá ìjánu mú. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹni tó wà nílẹ̀, á fọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀, á tẹ kókósẹ̀, á ní, "Ná an, jẹ́ n rí i." Ó di ìgbà tó bá dìde tí kò tiro kí wọ́n tó dá ìjánu padà fún un. Òwe sọ pé à á tún un gùn, kò sọ pé lójú ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣubú àti ìgùn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ìwọ àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìwé lé lọ́wọ́.

Bọ́ǹbù ojú ọ̀nà ló gba etí ọ̀tún lọ́wọ́ mi ní Bọ̀rnó, ó sì ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Ní ọjọ́ tí mo dé iwájú bọ́ọ̀dù, dókítà bi mí pé báwo ni ara. Mo nàró ṣánṣán, mo ní, "Dáadáa ni, sà!" Wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ẹni tó pilẹ̀ òwe yẹn kò gbé bárékè rí. Sọ́jà kì í sọ ohun tó ń dùn ún. Ogún ọdún ni wọ́n fi kọ́ wa pé ẹni tó ń ráhùn kò wúlò, lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n wá ní kí o ráhùn dáadáa, kí o má fi ìkankan sílẹ̀. Má ṣe bíi tèmi. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú pépà kí o tó wọlé: etí tí kò gbọ́, ẹ̀yìn tí kò jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀, oorun tí kò wá. Rí i dájú pé ìwé wọn sọ ọ́ gbangba pé ẹnu iṣẹ́ ni ọgbẹ́ náà ti bá ọ, nítorí ọ̀nà owó ọgbẹ́ ẹnu iṣẹ́ àti ti àìsàn tó wá lásán kì í ṣe ọ̀kan. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Fi ọ̀kan sọ́wọ́ ìyàwó rẹ, má fi sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tó mọ gbogbo nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n yẹn, bó bá jẹ́ tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, á máa sọ fún ọ nípa ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, á ní kí o lọ wá tìrẹ. Kò sí tìrẹ níbẹ̀. Òfin 2004 ló kó gbogbo wa sínú ètò pẹ́ńṣọ̀n alájọdá, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ti jọ ń dá owó, àmọ́ wọ́n yọ àwọn ológun kúrò nínú rẹ̀ ní 2011. Military Pensions Board ní Àbújá ló ń san tiwa. Nítorí náà, ẹni tó bá pè ọ́ lórí fóònù pé òun ni "ejẹ́ǹtì" tí yóò bá ọ yọ owó rẹ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni, pa fóònù. Wo orúkọ ẹni tí o kọ sílẹ̀ pé kó gba owó rẹ bí o bá kú. Ọ̀pọ̀ wa kọ orúkọ màmá wa nígbà tí a wà ní ọmọ ogún ọdún, màmá ti lọ, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kí o sì tó fi bárékè sílẹ̀, béèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ Oshòdì, níbi tí wọ́n ti ń fi oṣù mẹ́fà kọ́ àwọn ológun tó ń lọ sílé ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí àìlera lé jáde lójijì lè fo ibẹ̀ kọjá bí kò bá lanu béèrè.

Ọ̀rọ̀ gìrátúítì, owó ìdágbére tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀, ó ṣì ń dùn mí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwa ará Ìjẹ̀bú ni a mọ òde ṣe, ẹbí mi sì ní ẹni tó dé láàyè láti ojú ogun yẹ lẹ́ni tí a ń pa màlúù fún. A pa màlúù. Mo tún ra dáńfó kan ní oṣù kejì tí mo dé, n kò lè wa ọkọ̀, n kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, etí kan ni mo fi ń gbọ́ àlàyé dẹ́rẹ́bà. Oṣù mọ́kànlá ló lò. Èyí ni ẹṣin tí mo sáré gùn. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni kí o jẹ́ kí owó náà sùn sí báńkì fún oṣù mẹ́fà. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ahun.

Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé awọ ara nìkan ni òwe yẹn ń sọ. Ní Ojúde Ọba àkọ́kọ́ tí mo lọ lẹ́yìn tí mo dé, aṣọ ẹgbẹ́ wà lọ́rùn mi, fìlà mi gún. Bí ìdílé Balógun kan ṣe wọlé, wọ́n yìnbọn ṣákábùlà bí wọ́n ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo máa mọ nǹkan, abẹ́ àga ni mo wà, mo ti fa obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ lọ rí dókítà."

Mo lọ sí Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Mo mọ ohun tí orúkọ yẹn ń ṣe sí ọ létí. Tí wọ́n bá ti ní wọ́n gbé ènìyàn lọ sí Aró, wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ tán nílùú. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìtàn ibẹ̀. Lẹ́yìn tí Dókítà Lámbò dé ibẹ̀ ní 1954, kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé àyíká, ẹbí bá wọn wá, wọ́n ń lọ sóko, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń padà sílé sùn. Ọmọ Yorùbá ló ṣe é, ayé sì wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń bá oorun jà kì í ṣe wèrè. Ẹ̀yin ìyàwó sọ́jà tó ń ka èyí, bí ó bá ń ké lójú oorun, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilé kò mọ ipò rẹ. Kò sẹ́ni tí yóò kan sáárá sí ọ ní ọjà Òkè-Ajé. Ọmọ ọdún méjìlá á ní kí o lọ sẹ́yìn lórí ìlà. Ohun tó gbà mí ni regbérégbé mi, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí wa láàárín ọdún mẹ́ta síra wa. Ọba Síkírù Adétọ̀nà tó wàjà ní 2025 ló jí ètò náà dìde, mo sì rò pé kò mọ bó ṣe wúlò tó fún irú wa. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, kò sí ọ̀gá, kò sí ìránṣẹ́, àwọn tó mọ̀ mí nígbà tí mo ń jí ọsàn ni wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pàṣẹ fún wọn nípàdé, wọ́n dìde, wọ́n kí mi bíi sọ́jà, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn igbẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lo fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, òfin ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ní kí àwọn aláàbọ̀ ara tó ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Mú òfin náà lọ́wọ́ bí o bá ń kọ̀wé wáṣẹ́. Má kàn jókòó tì í.

Èmi, ọmọ Màkún ni màmá mi, ní Ṣàgámù, obì gbànja ni wọ́n fi tọ́ ọ. Mo ń bá a jókòó láìní nǹkan ṣe, ó ń ṣa obì, ó ń yọ èyí tí kòkòrò ti dá ihò sí lára, ó ń fi ewé tuntun di ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Ẹ̀yìn mi gbà á. Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò kan láti Sábó wá, ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Háúsá pé ìyá yìí kò mọ iye tí gòrò, ìyẹn obì, ń lọ ní Kánò. Mo fi Háúsá dá a lóhùn. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé Òkè Ọya, n kò kà á sí nǹkan tí mo mú bọ̀.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń bá wọn ná an. A ń rà nígbà tí obì bá pọ̀, a ń tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tó bá wọ́n, mo sì ń tú apẹ̀rẹ̀ wò léraléra nítorí kòkòrò. Lójúde Ọba tó kọjá, mo ki òwú bọ etí òsì kí ìbọn tó bẹ̀rẹ̀, mo sì jókòó sí àárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Nígbà tó dún, ọ̀kan nínú wọn ti gbé ọwọ́ lé mi léjìká.