Kò sí iná nínú àpáta ilẹ̀ Okun

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìsìnkú kan ní Ìyàrà, nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọkùnrin kan nàka sí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní, "Iná ń bẹ nínú ìyẹn. Ètùtù àwọn baba wa ló mú un sùn. Òun ni Nàìjíríà ò fi ní òkè ayọnáyèéfín." Ni gbogbo wọn bá ń mirí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà mirí! Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ní Kàbà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, àwọn tó ń sọ ọ́ ò sì fọ́ àpáta náà wò rí.

Èmi ti fọ́ ọ. Ìyá mi ń fọ́ òkúta tà fún àwọn bíríkìlà, ọwọ́ mi sì ni òòlù kejì máa ń wà. Ẹ la òkúta wa sí méjì, kẹ́ ẹ gbé e sí oòrùn. Ẹ ó rí hóró tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òmíràn mọ́ bíi dígí, àwọn dúdú pẹlẹbẹ sì ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n tóbi débi pé ẹ lè fi èékánná tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpáta tó yọ́ kì í ní irú hóró bẹ́ẹ̀ àfi tó bá pẹ́ gan-an kó tó tutù, nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ wo epo pupa: èyí tó rọra dì nínú kẹ́ẹ̀gì ló ń ní hóró. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni púpọ̀ nínú àpáta wa dì bẹ́ẹ̀. Òjò àti ọ̀gbàrá ló wá ń wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi yọrí síta. Kò bú rí. Kò ní ẹnu tí yóò fi bú.

Èyí tó ti ẹnu òkè jáde yàtọ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ lé ọ̀gá mi lọ rajà ní Limbe, ní Kamẹrúùnù, wọ́n mú mi dé Bakingili, níbi tí àpáta yíyọ́ láti Òkè Kamẹrúùnù ti ṣàn gé ọ̀nà títì ní 1999. Òkúta ibẹ̀ dúdú bí èédú, ihò wínníwínní sì kún inú rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná gbà jáde. Agbára káká ni ojú fi rí hóró kan níbẹ̀. Mo mú ẹyọ kan bọ̀ wálé.

Kí ló wá dé tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ní òkè ayọnáyèéfín, tí àwọn kan ò ní? Èèpo ayé pín sí awẹ́ bí obì. Ibi tí awẹ́ méjì ti ń fara kanra tàbí tí wọ́n ti ń ya ara wọn ni iná sábà máa ń rí ọ̀nà jáde. Ojú irú ibẹ̀ ni Japan wà. Ibẹ̀ náà ni Iceland wà pẹ̀lú gbogbo yìnyín rẹ̀. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ń ya lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní 2021, iná Òkè Nyiragongo ní Kóńgò ṣàn dé ẹ̀bá ìlú Goma. Brazil ò ní, Sweden ò ní. Ètùtù ta ni wọ́n ṣe níbẹ̀? Àárín awẹ́ ni wọ́n wà, àárín ni àwa náà wà. Láti Kàbà dé etí awẹ́ tiwa, láàárín Òkun Àtìláńtíìkì, ó ju 1,500 kìlómítà lọ.

Ó dáa, Òkè Kamẹrúùnù ò sí létí awẹ́ kankan, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí ohun tó ń mú un gbóná. Àwọn òkè oníná tó ti kú sì wà ní Jos àti Biu. Wọn ò sí ní Yàgbà, ní Ìjùmú, tàbí ní Búnú nílẹ̀ Okun wa.

Omi gbígbóná Ìkógòsí ni wọ́n tún máa ń sọ lù mí. Omi tó gba inú sán àpáta wọ ìsàlẹ̀ lọ ló ń padà jáde níbẹ̀. Béèyàn bá ṣe ń wọlẹ̀ sí i ni ilẹ̀ ń gbóná sí i, níbi gbogbo láyé. "Èéfín" orí àpáta láàárọ̀ ìgbà òjò ńkọ́? Kùrukùru ni. Ẹ gùn ún wò, aṣọ yín á tutù.

Òkúta Bakingili yẹn ṣì wà lójú fèrèsé mi. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó mú èérún àpáta ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dání wá.